Kí Ni Jésù Lọ Ṣe Nínú Odò Jọ́dánì?

Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé Epífánì, ìyẹn àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa, bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tàbí ti Áńgílíkà ní agbègbè Raji Rasaki Estate, Festac tàbí Amuwo-Odofin ní Èkó, ìtàn kan náà ni ẹ ó gbọ́. Jésù kúrò ní Gálílì, ó lọ bá Jòhánù létí odò Jọ́dánì, ó ní kó ri òun bọmi. Ọjọ́ yìí ni àwọn Kátólíìkì fi ń kádìí àsìkò Kérésìmesì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibùjẹ ẹran àti ère ọmọ ọwọ́ tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lẹ́yìn tí ọdún tuntun ti wọlé dáadáa, ẹ má rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

Ìtàn náà kò gùn. Ẹsẹ márùn-ún péré ni Mátíù fi sọ ọ́, Máàkù fi mẹ́ta sọ ọ́, Lúùkù fi méjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣe é fojú fò. Ìrìbọmi tí Jòhánù ń ṣe, ti ẹlẹ́ṣẹ̀ tó fẹ́ yí padà ni. Àwọn Kristẹni sì gbà pé Jésù kò dẹ́ṣẹ̀ rí. Kí ló wá gbé e dé inú omi?

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, bí ẹni pé ẹ kò ṣí Bíbélì rí. Ìdí ni pé àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Raji Rasaki, ẹni tó di gómìnà ológun Èkó ní ọdún 1988, kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn kan. Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gbé ibẹ̀ ni, àwọn Kristẹni fúnra wọn kò sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Orúkọ tí oníkálukú ń pe nǹkan yìí pàápàá yàtọ̀: batísí ni lẹ́nu àwọn kan, ìsàmì lẹ́nu àwọn mìíràn, ìtẹ̀bọmi lẹ́nu àwọn tó kù. Ìrìbọmi ni n ó máa pè é ní tèmi, yálà omi bo èèyàn mọ́lẹ̀ ni o, tàbí wọ́n bù ú sí i lórí.

Ọ̀dọ̀ Jòhánù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lúùkù sọ pé ìyá Jòhánù àti ìyá Jésù bá ara wọn tan, nítorí náà ẹbí kan náà ni wọ́n. Jòhánù ń gbé aginjù Jùdíà, aṣọ irun ràkúnmí ló ń wọ̀, eéṣú àti oyin inú igbó ló ń jẹ. Kì í ṣe inú Bíbélì nìkan ni a ti gbúròó rẹ̀. Josephus, òpìtàn Júù kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé èrò ń wọ́ tọ Jòhánù lọ, àti pé Hẹ́rọ́dù pa á nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kí èrò náà má lọ di ọ̀tẹ̀. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí Tìbéríù Késárì gorí oyè ni Lúùkù sọ pé iṣẹ́ Jòhánù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ọdún 28 tàbí 29 nínú kàlẹ́ńdà tiwa.

Kí èèyàn wẹ̀ nítorí ẹ̀sìn kì í ṣe nǹkan àjèjì sí àwọn Júù nígbà náà. Wọ́n ní kòtò omi tí wọ́n gbẹ́ fún un, tó ní àtẹ̀gùn tí èèyàn yóò gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú, tàbí tó fẹ́ wọ Tẹ́ḿpìlì, yóò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ri ara rẹ̀, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbàkígbà tó bá tún yẹ. Ti Jòhánù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri àwọn èèyàn, ohun tó sì ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí ìwà wọn yí padà. Ó ní kí àwọn agbowó-orí má gbà ju iye tí ìjọba là sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun má fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó oṣù wọn tó wọn. Ẹni tó bá ń gba Mile 2 kọjá lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé ìwàásù yẹn kò tíì gbó.

Odò tí Jòhánù yàn pàápàá ní ìtàn. Láti ẹsẹ̀ òkè Hẹ́mónì lápá àríwá ni Jọ́dánì ti ń ṣàn bọ̀, ó gba inú adágún Gálílì kọjá, ó sì já sínú Òkun Òkú, tí etí rẹ̀ jẹ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lórí ilẹ̀ ayé, ó lé ní irínwó mítà sí ìsàlẹ̀ ojú òkun. Odò yìí ni Bíbélì sọ pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì là kọjá nígbà tí Jóṣúà ń kó wọn wọ ilẹ̀ ìlérí. Inú rẹ̀ náà ni Náámánì, ọ̀gágun ará Síríà, ti wẹ̀ nígbà méje kí ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ tó san. Nígbà tí Jòhánù wá ń kó àwọn èèyàn padà wọ omi yẹn, ẹni tó bá mọ ìtàn baba rẹ̀ yóò ti mọ ohun tó ń sọ: ẹ jáde, kí ẹ tún ilẹ̀ yín wọ̀ lákọ̀tun.

Ibẹ̀ ni Jésù wá bá a. Ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà, oníṣẹ́ igi láti Násárẹ́tì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kò tíì wàásù, kò tíì wo aláìsàn kankan sàn, kò ní ọmọ ẹ̀yìn kan ṣoṣo. Mátíù nìkan ló sọ pé Jòhánù kọ̀. Ó ní òun gan-an ló yẹ kí Jésù rì bọmi, kí ló dé tí Jésù fi wá sọ́dọ̀ òun? Jésù dá a lóhùn pé kó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ná, pé báyìí ni àwọn méjèèjì yóò fi ṣe gbogbo ohun tó tọ́ lójú Ọlọ́run. Jòhánù gbà.

Àwọn èèyàn ti ń wá ìtumọ̀ ìdáhùn yẹn fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kékeré kan tí Lúùkù fi kún un, torí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ tí mo gbà jù wà. Ó ní ìgbà tí gbogbo èèyàn ń ṣe ìrìbọmi ni Jésù náà ṣe é. Jòhánù kò yà á sọ́tọ̀, kò sí ìjókòó iwájú fún àlejò pàtàkì. Orí ìlà ló tò sí. Ó ṣeé ṣe kí agbowó-orí wà níwájú rẹ̀, kí ọmọ ogun tó ń fipá gba owó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí omi tó ṣàn kúrò lára wọn sì kàn án lára. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tó fẹ́ wẹ̀ nù. Àwọn tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ló lọ bá dúró. Wòlíì Àìsáyà ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tí wọn yóò kà mọ́ àwọn arúfin, Jọ́dánì sì ni ibi tí Jésù ti kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ wọn lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà lọ ni yóò ti máa bá irú wọn jẹun, tí àwọn olóòótọ́ ìlú yóò sì máa kùn.

Ìdáhùn mìíràn tún wà tó ti pẹ́ gan-an. Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé Jésù ṣe ìrìbọmi kó lè sọ omi fúnra rẹ̀ di mímọ́. Lójú tirẹ̀, omi kò wẹ Jésù, Jésù ló wẹ omi. Àwọn ìjọ ìlà-oòrùn ayé di èyí mú ju tiwa níhìn-ín lọ. Ní Etiópíà, ọdún ìrìbọmi Jésù, tí wọ́n ń pè ní Timkat, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdún tó tóbi jù lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kínní, àwọn àlùfáà yóò gbé àpẹẹrẹ àpótí májẹ̀mú jáde pẹ̀lú agboòrùn aláràbarà, wọn yóò sùn létí omi mọ́jú, wọn yóò gbàdúrà sí omi náà ní ìdájí, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ́n ọn sí àwọn èrò lára, àwọn ọ̀dọ́ á sì bẹ́ sínú rẹ̀. UNESCO kọ ọdún yìí sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2019.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Jésù jáde kúrò nínú omi. Ọ̀run ṣí sílẹ̀. Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀ bí àdàbà, ó bà lé e. Ohùn kan sì dún láti òkè tó pè é ní Ọmọ tí Ọlọ́run fẹ́ràn, tí inú Rẹ̀ dùn sí. Bí Kristẹni bá fẹ́ ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún yín, ibí yìí ló ti rọrùn fún un jù, torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé síbẹ̀ nígbà kan náà: Bàbá ń sọ̀rọ̀, Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú omi, Ẹ̀mí ń bà lé e. Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan le, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kó tó di ẹ̀kọ́ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń jiyàn lé lórí, ìtàn ni, létí odò.

Ìtumọ̀ àdàbà yẹn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, bí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn joyè ọba tàbí àlùfáà, òróró ni wọ́n ń dà sí i lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wòlíì Sámúẹ́lì ṣe fún Dáfídì láàrin àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Jọ́dánì, kò sí ẹni tó mú ìwo òróró dání. Ẹ̀mí Ọlọ́run ló rọ́pò òróró, gẹ́gẹ́ bí Pétérù ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tó yá nínú ilé Kọ̀nẹ́líù ará Róòmù. Ẹni tí a fi òróró yàn ni ìtumọ̀ Kristi, orúkọ oyè yìí sì ni gbogbo ìjọ fi ń jẹ́ Kristẹni.

Ohùn tó pe Jésù ní Ọmọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Lápá ìparí ọ̀rúndún kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theodotus, ará Byzantium, lọ ń kọ́ àwọn èèyàn ní Róòmù pé èèyàn lásán ni Jésù títí di ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, pé ọjọ́ náà ni agbára ọ̀run tó bà lé e. Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ìgbà náà, Victor, lé e kúrò nínú ìjọ. Bóyá ẹ̀yin náà ti ń ronú bíi ti Theodotus láì mọ̀.

Ẹ wo bí àwa ṣe ń sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ pé, ẹbí péjọ, wọ́n fi omi, oyin, iyọ̀ àti orógbó ṣàdúrà, bàbá àgbà sì pe orúkọ ọmọ sókè. Ta ló jẹ́ sọ pé oyin yẹn ló sọ ọmọ náà di ọmọ bàbá rẹ̀? Ó ti wà nínú ilé láti ọjọ́ mẹ́jọ, ó ti jẹ́ ọmọ wọn láti inú oyún. Ohun tí ọjọ́ náà wà fún ni kí gbogbo àdúgbò mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ lọ́la pé òun kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjọ ṣe lóye ohùn Jọ́dánì. Jésù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ọmọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ẹ tún kíyè sí i pé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì ṣe ohunkóhun tó yẹ kí a torí rẹ̀ yìn ín, ẹkún àti oorun niṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ a ń kì í, a sì ń náwó lé e lórí. Jésù náà kò tíì ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan nígbà tí Bàbá sọ pé inú Òun dùn sí i.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti etí odò, inú aginjù ni Ẹ̀mí gbé Jésù lọ, ó gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Nígbà tí ebi ti ń pa á ni Sátánì dé. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: bó bá jẹ́ lóòótọ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni, kó sọ òkúta di àkàrà. Ó fẹ́ kó fi iṣẹ́ ìyanu jẹ́rìí sí ohun tí Bàbá ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Jésù kò bá a jiyàn lórí bóyá Ọmọ ni òun, kò sọ òkúta kan di àkàrà. Àwọn oníwàásù kì í sábà so ìtàn méjì yìí pọ̀, bóyá torí pé orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú ìwé Mátíù. Ẹ kà wọ́n tẹ̀ léra wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì wá bẹ Jésù pé kó fi àwọn jókòó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ nínú ògo rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe irú ìrìbọmi tí òun fẹ́ ṣe. Ó ti jáde kúrò ní Jọ́dánì tipẹ́ nígbà náà, nítorí náà ikú rẹ̀ ló ń sọ. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀, orí àgbélébùú ló parí sí, níbi tí wọ́n ti kàn án mọ́ àárín ọ̀daràn méjì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ohun tó sọ nìyẹn: ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi, a ti sin ín pẹ̀lú Kristi ni, kó lè bá a jí dìde.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìrìbọmi tí Kristẹni ń ṣe lónìí kì í ṣe ti Jòhánù mọ́. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sọ pé Pọ́ọ̀lù bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn bíi méjìlá pàdé ní Éfésù tí wọn kò mọ̀ ju ti Jòhánù lọ, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ pé Ẹ̀mí Mímọ́ wà. Ó tún ṣe ìrìbọmi fún wọn ní orúkọ Jésù. Ti Jòhánù, èèyàn ló ń sọ fún Ọlọ́run pé òun fẹ́ yí padà. Nínú ti Kristẹni, Ọlọ́run náà ń sọ̀rọ̀, ohun tí Ó sì ń sọ ni ohun tí Ó sọ ní Jọ́dánì: ọmọ mi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan tó sún mọ́ wa gbe èyí lẹ́sẹ̀. Òpópónà tó gba ẹnu Festac kọjá, Badagry ló ń lọ. Badagry ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Ibẹ̀ náà ni Samuel Ajayi Crowther dé sí ní oṣù Kínní ọdún 1845, nígbà tó ń padà bọ̀ wá sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni Ajayi. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tí ogun fọ́ ìlú náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí, kó tó di pé ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní Sàró ló ti ṣe ìrìbọmi, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn tó dé Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, ó sì wá a wá. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ti kọjá. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Àfàlà ni ìyá náà ń jẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1848, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹni tó bá mọ Bíbélì mọ ìdí rẹ̀: Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Èmi a máa ronú nípa obìnrin yìí bí mo bá gbọ́ ìtàn Jọ́dánì. Ogun ti gba ilé rẹ̀, ó ti tú ẹbí rẹ̀ ká, ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní ohunkóhun tó lè fi hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rere tó fi yẹ kí wọ́n pè é ní ọmọ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí ó tán: Jésù kò gba orúkọ tuntun ní Jọ́dánì. Ó wọ omi ní Jésù, ó jáde ní Jésù. Kò sí ohun tó sọ pé kí ọmọ Yorùbá di George kó tó di Kristẹni. Àwọn bàbá wa kan tètè rí èyí. David Brown Vincent, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, sọ orúkọ ara rẹ̀ di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Lónìí, Olúwáṣeun àti Ìbùkúnolúwa ni ẹ ó máa gbọ́ létí omi, kò sì sí ẹni tó ń bínú.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí Jọ́dánì ṣe wọ inú ìsìn, ẹ lọ síbi ìrìbọmi ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan. Ẹnu ọ̀nà ni àlùfáà ti ń bèèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí, á sì ya àmì àgbélébùú sí i níwájú orí. Lẹ́yìn ìwé kíkà, á gbàdúrà sí omi, àwọn òbí àti àwọn òbí nínú ìrìbọmi á kọ Sátánì sílẹ̀, wọ́n á sì jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Ìyá á wá bọ́ fìlà ọmọ, á tẹ orí rẹ̀ sórí agbada omi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àlùfáà ń bu omi, ní orúkọ Bàbá, ti Ọmọ, ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọmọ sábà máa ń figbe ta, nígbà tí omi tútù bá dé àwùjẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún, kírísímù ló kàn, ìyẹn òróró olóòórùn dídùn tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà yà sí mímọ́ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Àtàrí ọmọ ni wọ́n ń fi í yà, pẹ̀lú àdúrà tó sọ pé bí a ṣe fi òróró yan Kristi ní àlùfáà, wòlíì àti ọba, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí náà. Àdàbà Jọ́dánì nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ funfun àti àbẹ́là tí wọ́n tàn lára àbẹ́là Àjíǹde, èyí tí bàbá máa ń dì mú pẹ̀lú ìbẹ̀rù kó má jó ìyá àgbà ní gèlè.

Àríyànjiyàn tí tọkọtaya tí ìjọ wọn kò dọ́gba máa ń gbé dé ọ̀dọ̀ àlùfáà náà kò ṣe é fò. Ọkọ á ní Áńgílíkà ni bàbá òun, kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún ìrìbọmi. Aya tó dàgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, CAC tàbí Ìràpadà á ní, “Bàbá Tèmi, ṣé ẹ̀yin náà kò rí i pé Jésù ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ omi.” Ọ̀rọ̀ aya náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò gbé ẹjọ́ náà dé ibì kan. Nígbà tí Jésù wà lọ́mọ ọwọ́, Jòhánù náà ọmọ ọwọ́ ni, kò sí ìrìbọmi tí wọn ì bá ṣe fún un. Ohun tó wà fún ọmọ ọwọ́ nígbà náà ni ìkọlà, ọjọ́ kẹjọ sì ni wọ́n ṣe é fún un. Ọkọ náà kò sì lè fi Jọ́dánì gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, torí kò sí ọmọ ọwọ́ nínú ìtàn yẹn. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ìrìbọmi ọmọdé dì mú ni ìtàn àwọn tó ṣe é pẹ̀lú gbogbo agbo ilé wọn, bíi Lìdíà àti onítúbú ìlú Fílípì. Ohun tí àwọn yòókù dì mú ni pé ìgbàgbọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ orí Jésù sílẹ̀. Ní ti ìwọ̀n omi, àwọn ìjọ Aládùúrà kan ṣì ń lọ sí odò tàbí ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ìjọ ti kọ́ adágún sínú ṣọ́ọ̀ṣì, agbada sì tó àwọn mìíràn.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń múra ìrìnàjò sí ilẹ̀ mímọ́, àwọn tí yóò fi JP, ìyẹn arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù, sẹ́yìn orúkọ wọn bí wọ́n bá dé. Wọ́n máa ń wọ aṣọ funfun níbẹ̀, wọ́n á sì rì wọ́n bọ Jọ́dánì. Ṣé ìyẹn ga ju èyí tí wọ́n ṣe nílé lọ? Rárá. Al-Maghtas, létí odò náà lápá orílẹ̀-èdè Jọ́dánì, ni UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2015 gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìrántí ìrìbọmi Jésù wà. Odò náà ti fún gan-an níbẹ̀, torí wọ́n ti ń fa omi rẹ̀ sí oko àti ìlú, débi pé èèyàn lè kí arìnrìn-àjò tó wà ní etí kejì. Ìrìbọmi kan ṣoṣo ni àwọn ìjọ tó ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Nicaea gbà, nítorí náà ìrántí ni ti Jọ́dánì jẹ́ fún ẹni tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá bu omi rẹ̀ sínú ìgò bọ̀ wálé, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ Ignatius gbọ́, omi ẹ̀rọ Amuwo-Odofin tí wọ́n dà sórí ọmọ yín kò kéré sí i.